Rédíò àti sípíkà fún MX-5: àyè kò sí, mo sì fẹ́ gbọ́ ohun tí gángan ń sọ

Onígángan (Peckham)

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni mo ra Mazda MX-5 ọdún 2001, ẹ́ńjìnnì 1.8, irú èyí tí àwọn tó mọ ọkọ̀ náà ń pè ní NB. Àga méjì péré ló ní, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ó sì kéré débi pé bí mo bá na ọwọ́ òsì láti ibi tí mo ti ń wa ọkọ̀, mo lè ṣí ilẹ̀kùn kejì láìdìde. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yìí gidigidi. Orin inú rẹ̀ nìkan ló ń dùn mí. Rédíò tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà níbẹ̀, sípíkà kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ilẹ̀kùn méjèèjì. Mo tú ọ̀kan wò lọ́jọ́ Sátidé: bébà rẹ̀ ti ya, fóòmù etí rẹ̀ ń rún bí àkàrà àná.

Ọmọ onílù ni mí. Bí mo bá ká òrùlé sẹ́yìn tí mo wọ márosẹ̀ M20, tí mo sì dé máìlì 60 ní wákàtí kan, gángan inú orin kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ di gbì-gbì-gbì kan náà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé tí ohùn mẹ́ta yẹn bá ti dà pọ̀, ìlù kò wí nǹkan kan mọ́, ariwo ló kù.

£400 ni mo fi pamọ́ fún un. Mi ò lè fi bùútù sílẹ̀, nítorí ìyáàlù mi ló ń wọ ibẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?

Ṣọlá_Sùúrùlérè

Bọ̀dá, ẹ kú ọkọ̀ tuntun o. Ẹ má da ara yín láàmú rárá. Ẹ ra súbúúfà ínṣì 12 kan (sípíkà ńlá tó wà fún báàsì nìkan) pẹ̀lú ámípù wọ́ọ̀tì 1000 (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára), kí ẹ gbé e sínú bùútù. Ohun tí mo ṣe sínú Corolla mi nìyẹn, Alaba ni mo ti ra gbogbo rẹ̀. Kí n tó yà wọ àdúgbò, màmá mi á ti mọ̀ pé mo ti dé. Ìyáàlù lè jókòó sórí àga kejì.

Bàbá_Réwáyà (Ládípọ̀, Mushin)

Ṣọlá ọmọ mi, ohun tó o ṣe yẹn dára fún Corolla. Nínú Corolla, fóòmù àga ẹ̀yìn àti páálí pẹlẹbẹ ló wà láàárín bùútù àti èèyàn, báàsì á gba ibẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. MX-5 kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ lórí mẹ́ta tó jẹ́ tòkunbọ̀. Irin ló dá bùútù rẹ̀ yà kúrò níbi tí èèyàn ń jókòó, táǹkì bẹntiróò sì wà lẹ́yìn àga gan-an, láàárín àwọn méjèèjì. Inú bùútù ni báàsì náà á ti máa mi páńẹ́ẹ̀lì jìgìjìgì, èyí tó máa dé etí awakọ̀ kò tó nǹkan. Bùútù ọ̀hún kò sì ju nǹkan bíi lítà 140 lọ. Àpótí súbúúfà ínṣì 12 nìkan á gba lítà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀, a ò tíì ka pákó àti ámípù mọ́ ọn.

Onígángan, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ǹjẹ́ ẹ ti fi ìka kan ara ilẹ̀kùn yẹn kó-kó-kó láti ìta rí? Ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń dún bíi garawa. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé owó lọ sórí sípíkà, wọ́n á wá dè é mọ́ garawa, wọ́n á ní sípíkà ni kò dára.

Ohùn máa ń jáde níwájú sípíkà, ó sì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ náà. Nígbà tí iwájú bá ń ti afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn ń fà á ni. Bí ọ̀nà bá ṣí tí àwọn méjèèjì fi pàdé, wọ́n á pa ara wọn, báàsì ló sì kọ́kọ́ máa ń kú. Ẹ tú páálí ilẹ̀kùn yín, ẹ ó rí ihò ńláńlá tí àwọn tó kọ́ ọkọ̀ náà fi sílẹ̀ kí ọwọ́ lè dé ibi ẹ̀rọ gíláàsì. Ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló bò wọ́n. Ọ̀rá yẹn ń dí omi, kò lè dí ohùn.

Ẹ ra rọ́bà bútáìlì alálẹ̀mọ́, èyí tí ìwé fàdákà wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ tàbí sípíríìtì nu irin náà títí tí kò fi ní epo lára, kí ẹ tó lẹ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ sí ara irin òde láti inú, lẹ́yìn ibi tí sípíkà máa dojú kọ. Kò pọn dandan kí ẹ bò ó tán, bí ẹ bá bo ìdajì tàbí díẹ̀ sí i, ìró garawa yẹn á lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá dí àwọn ihò ńlá ti irin inú. Èyí tó bá fẹ̀ jù, ẹ fi ike líle tàbí álúmíníọ̀mù pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ kí rọ́bà má baà wọlé lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì. Èkíní, omi òjò máa ń gba etí gíláàsì wọ inú ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ ayé, ó sì ní àwọn ihò kéékèèké nísàlẹ̀ tó ń gbà jáde. Ẹ kò gbọdọ̀ dí wọn. Bí ẹ bá dí wọn, ilẹ̀kùn á jẹrà láàárín ọdún díẹ̀, ìlú òjò lẹ sì wà. Èkejì, ẹ yí gíláàsì wálẹ̀ dé òpin kí ẹ tó wọn bí inú ṣe jìn tó. Mo ti rí ẹni tó de sípíkà tán, tó yí gíláàsì wálẹ̀, tí mágínẹ́ẹ̀tì sì fọ́ gíláàsì mọ́ ọn lójú.

Onígángan

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí ní "ìwọ", ọmọ yín ni mí.

Mo ti wọn ọ́n. Tí gíláàsì bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, sẹ̀ǹtímítà 6 ló kù fún mi láti ojú irin. Sípíkà ínṣì 6.5 á wọ ihò náà pẹ̀lú òrùka tó máa wà láàárín òun àti irin. Pákó MDF ni mo fẹ́ fi ṣe òrùka yẹn, ṣé kò burú?

Bàbá_Réwáyà (Ládípọ̀, Mushin)

Ó burú. MDF máa ń mu omi bíi búrẹ́dì. Lẹ́yìn ọdún kan ó ti wú, sikurú ò ní dì í mú mọ́. Wá òrùka oníke, tàbí kí o gé e lára pátákó ike tí àwọn obìnrin fi ń gé ẹran ní ilé ìdáná, èyí tó nípọn. Omi kì í ṣe é ní nǹkan kan. Sípíkà náà, má ra onípépà. Wá èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ ike.

ÌyáÌbejì_Houston

Ẹ̀gbọ́n Réwáyà ti fi ọwọ́ kan ibi tó ń dun ni. Iṣẹ́ iná ni mo kọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ tì í lẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀tì yìí ti gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn wa.

Lára páálí rédíò, ẹ ó rí "50W x 4". Iná ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ju fóòtì 14.4 lọ. Bí rédíò kò bá ní ẹ̀rọ tó ń gbé fóòtì sókè nínú ara rẹ̀, kò lè fún sípíkà ju ìyẹn lọ. Ẹ fi 14.4 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀, ó di 207. Ẹ pín in sí 8, ìyẹn ìlọ́po méjì óòmù 4 tí sípíkà ọkọ̀ sábà máa ń ní. Wọ́ọ̀tì 26 lẹ ó rí. Ẹ yọ èyí tó ń di ooru nínú rédíò fúnra rẹ̀ kúrò, ó ku bíi 20 sí 22. Òun ni rédíò yẹn lè gbé láìfọ́ orin. Nítorí náà, RMS (wọ́ọ̀tì tí ẹ̀rọ lè gbé láìdúró) ni kí ẹ máa wò, ẹ gbójú fo nọ́ńbà ńlá.

Ohun kejì tí àwọn tó ń tajà kì í sọ: bí wọ́ọ̀tì bá di ìlọ́po méjì, dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 3 péré ló fi ń lọ sókè. Kí etí tó gbà pé orin ti pọ̀ sí i ní ìlọ́po méjì, wọ́ọ̀tì ní láti di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà sípíkà tí wọ́n kọ 91 dB sí lára, tí ẹ fún ní wọ́ọ̀tì 25, á dún bákan náà pẹ̀lú èyí tó jẹ́ 88 dB tí ẹ fún ní wọ́ọ̀tì 50. Ẹni tí àyè kò gbà gbọ́dọ̀ mú sípíkà tó gbọ́ràn, èyí tí nọ́ńbà dB rẹ̀ ga, torí òun ló ń jẹ́ kí ámípù kékeré tó.

Ní ti ìlù: ohùn ìyáàlù kò sí ní ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí súbúúfà ń gbé. Àárín ló wà, láti ìsàlẹ̀ àárín lọ sókè. Sípíkà ilẹ̀kùn ló ń ru ẹrù yẹn. Ìdí tí ó fi ń dà pọ̀ ni pé sípíkà tó ti ya ń gbìyànjú láti lu báàsì tó ju agbára rẹ̀ lọ nígbà tó tún ń sọ̀rọ̀ ìlù. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ HPF sí lórí rédíò tàbí ámípù tuntun yín, kí ẹ gbé e sí Hz 80. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ìyẹn kò ní dé ọ̀dọ̀ sípíkà ilẹ̀kùn mọ́. Á mí, á sì sọ̀rọ̀.

Dípọ̀_Bristol

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ sọ, ó yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn nìkan, ẹ ti gbàgbé orí àga. MX-5 àkọ́kọ́, ti 1989 sí 1997, àwọn kan nínú wọn ní sípíkà kéékèèké nínú ibi tí orí ń fara tì. Mazda fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n síbẹ̀. Nínú èyí tó ń jáde láti 2015, ètò Bose rẹ̀ tún fi sípíkà sí orí àga. Kí nìdí? Nítorí pé tí òrùlé bá ti lọ, ohùn ilẹ̀kùn ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́ kó tó dé etí. Sípíkà tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí etí kò ní ìṣòro yẹn. Mo ṣe é sínú tèmi, mo sì ń gbọ́ ìròyìn rédíò kedere ní máìlì 70.

ÌyáÌbejì_Houston

Àbúrò Dípọ̀, òótọ́ lo sọ lórí ìròyìn. Ohùn èèyàn á mọ́ dáadáa. Ohun tí mo ní sí i ni pé orin á wá máa ti ẹ̀yìn orí jáde. Ẹni tó ti jókòó níwájú onílù rí mọ̀ pé iwájú ni ìlù ti ń bá a sọ̀rọ̀. Bí o bá fẹ́ fi í sí i, jẹ́ kó rẹlẹ̀ ju ti ilẹ̀kùn lọ dáadáa, kí o sì lò ó nígbà tí òrùlé bá wà nísàlẹ̀ nìkan.

Dípọ̀_Bristol

Àǹtí, mo gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní yọ tèmi. Ẹni tó bá ń wakọ̀ ní márosẹ̀ lójoojúmọ́ bíi tèmi, kíkedere ló fẹ́, ibi tó ti ń bọ̀ kò dí i lọ́wọ́.

Onígángan

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Níwájú ni mo fẹ́ kí ìlù wà, torí náà ilẹ̀kùn ni mo mú.

Ámípù ni ó kù. Mo rí Alpine KTP-445U, wọ́ọ̀tì 45 ní ọ̀nà mẹ́rin, kò tóbi ju àpò ìwé owó gígùn lọ. Ibo ni kí n gbé e sí? Wáyà wo ni kí n fà fún un? Ẹnì kan níbí ní kí n fà á láti iwájú, láti abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí n lu ihò sí irin.

Bàbá_Réwáyà (Ládípọ̀, Mushin)

Má lu ihò kankan. Ṣí bùútù rẹ, bátìrì rẹ ń bẹ níbẹ̀. Inú bùútù ni Mazda gbé bátìrì sí nínú NA (MX-5 àkọ́kọ́) àti NB, kí ìwọ̀n ọkọ̀ lè pín síwájú àti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní kó o fà á láti iwájú kò tíì rí ọkọ̀ náà rí. Lára bátìrì sí ibi tí ámípù máa jókòó kò lè ju mítà kan àtààbọ̀ lọ bí o bá fi í sínú bùútù, mítà mẹ́ta bí o bá gbé e sẹ́yìn rédíò. Gbé e sẹ́yìn rédíò. Ihò rédíò ọkọ̀ rẹ ga tó ti rédíò méjì, òun ni wọ́n ń pè ní DIN méjì, bẹ́ẹ̀ ni rédíò tuntun onípele kan kò gbà ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ nínú gíga. Ìdajì tó ṣẹ́ kù, ámípù á sùn síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì tún rí àyè.

Ìṣirò wáyà: 45 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ wọ́ọ̀tì 180. Ámípù onípele D máa ń sọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iná tó bá gbà di orin, nítorí náà á fa nǹkan bíi 225. Pín in sí fóòtì 13.8, áńpéèrì 16 ni. Wáyà bàbà gidi, gẹ́éjì 8, ti tó, á tún ṣẹ́ kù. Mo ní bàbà gidi. Èyí tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà pa lára ni, ó máa ń gbóná.

Fíúsì ní láti wà lẹ́bàá bátìrì, kò gbọdọ̀ jìnnà ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Ìdí ni pé fíúsì kò dáàbò bo ámípù, wáyà ló ń dáàbò bò. Bí fíúsì bá wà lẹ́nu ámípù, tí wáyà sì bó ní àárín ọ̀nà tó kan irin, iná ló máa sọ.

Kí ọwọ́ rẹ má sì kan dílì rárá ní ẹ̀yìn àga. Kápẹ́ẹ̀tì ni o máa rí, páńẹ́ẹ̀lì irin pẹlẹbẹ wà lábẹ́ rẹ̀, táǹkì bẹntiróò sì wà lábẹ́ ìyẹn. Sikurú kan tó gùn jù ti tó. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi kọ ìwé gígùn lónìí, torí mo mọ ọ̀dọ́ tó pọ̀ tó máa ń fẹ́ de nǹkan mọ́ ibẹ̀.

Wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tí o máa dè mọ́ irin ọkọ̀, fi bébà ìhanrin ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi funfun, de e pinpin, kí o wá fi ọ̀dà tàbí gíríìsì bò ó kó má baà dípata.

Àbẹ̀kẹ́_Leeds

Ẹ̀gbọ́n Onígángan, mo ní ti 1994, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ má baà jìyà tí mo jẹ. Ṣọ́ọ̀bù kan ni mo gbé e fún. Wọ́n fa wáyà iná àti wáyà RCA (èyí tó ń gbé orin láti rédíò lọ sí ámípù) pọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, wọ́n fi téèpù dì wọ́n bí ọ̀pá ìrèké. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti tẹ ẹsẹ̀, sípíkà á máa sunkún "wíí" tó ń ga bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ga. Alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún ọkọ̀, ni mò ń gbọ́. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbà pé ọkọ̀ mi ló ti gbó, àwọn náà sì sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá ọ̀rẹ́ mi kan ló tú u, ó gbé RCA gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ó há wáyà ẹ́ẹ̀tì ti rédíò àti ti ámípù mọ́ ojú kan náà. Ó dákẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Inú mi bàjẹ́ lórí oṣù mẹ́rin yẹn ju owó lọ.

Ẹ tún pe àwọn oníṣòwò ìbánigbófò yín, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ yí rédíò àti sípíkà padà. Ní ilẹ̀ yìí, bí ẹ kò bá sọ, wọ́n lè fi í ṣe àwíjàre nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ mú rédíò tí ojú rẹ̀ ṣeé yọ, torí aṣọ ni òrùlé yín, ọ̀bẹ kan ti tó olè.

Ní ti báàsì, bí ẹ bá padà wá fẹ́ díẹ̀: àga wa fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé ilẹ̀ ọkọ̀, nítorí náà àwọn súbúúfà "abẹ́ àga" kì í wọ abẹ́ rẹ̀. Mo gbé Pioneer TS-WX130 sí ibi ẹsẹ̀ èrò, ó dùbúlẹ̀ mọ́ ògiri iwájú lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Ẹni tó bá ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

Ṣọlá_Sùúrùlérè

Ẹ̀kọ́ ńlá ni mo ń kọ́ níbí o. Bàbá Réwáyà, ṣé kí n dí ilẹ̀kùn Corolla náà?

Bàbá_Réwáyà (Ládípọ̀, Mushin)

Dí i. Kí o tó tún ra nǹkan kan. Wá sí Ládípọ̀ kí n fi bí wọ́n ṣe ń lẹ̀ ẹ́ hàn ọ́.

Onígángan

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ṣe é. Òpin ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà mí.

Owó rẹ̀ rèé: rédíò £88, sípíkà oníke ínṣì 6.5 pẹ̀lú tìwítà tirẹ̀ (sípíkà kékeré fún ohùn òkè) £104, ámípù £115, rọ́bà bútáìlì £32, wáyà àti fíúsì £36. £375 ni gbogbo rẹ̀. Pátákó ìgéran ni mo fi ṣe òrùka bí Bàbá ṣe wí, ìyàwó mi sì ti ra òmíràn.

Rọ́bà yẹn ló gbà mí lákòókò jù. Òtútù mú, kò fẹ́ lẹ̀, ni mo bá gbé ẹ̀rọ ìgbẹrun ìyàwó mi síta kí n fi mú un gbóná. Ìgbà tí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ parí, mo tì í. Ó dún "bùm", bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ńlá. Kí n tó fi sípíkà sí i nìyẹn.

Ìṣòro kan ló kù. Bí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bá ń dún pọ̀, báàsì kò sí. Bí mo bá pa ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á ní báàsì tó dára. Bí mo bá pa ọ̀tún, òsì á ní tirẹ̀. Kí wọ́n pàdé ni báàsì á bá sá lọ. Kí ni mo ṣe?

Bàbá_Réwáyà (Ládípọ̀, Mushin)

Wáyà ọ̀kan lo gbé sí òdì. Ọ̀kan ń tì, èkejì ń fà. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nípa iwájú àti ẹ̀yìn ni, àmọ́ ilẹ̀kùn méjì ló ń ṣe é báyìí.

Mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré, fóòtì 1.5. Tú wáyà sípíkà kúrò lára ámípù, fi orí bátìrì kan èyí tí o pè ní pọ́sítíìfù, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kan èkejì, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Kí ẹnì kan máa wo ojú sípíkà. Ó yẹ kó bọ́ síta. Èyí tó bá wọlé ni kí o yí wáyà rẹ̀ padà.

Onígángan

Òsì ni. Ó wọlé. Mo yí i, báàsì dé lójú ẹsẹ̀. Bàbá, kí Ọlọ́run jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa.

ÌyáÌbejì_Houston

Ó kù kan. Rédíò tuntun yín, wá ibi tí wọ́n kọ time alignment sí, òun ló ń jẹ́ kí ohùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dé etí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀tún lẹ jókòó sí, ilẹ̀kùn ọ̀tún sún mọ́ yín jù, ohùn rẹ̀ ń kọ́kọ́ dé. Fi téèpù wọn láti etí yín dé sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ohùn ń rin nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 34 nínú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá (ms). Bí òsì bá fi sẹ̀ǹtímítà 45 jìnnà jù ọ̀tún lọ, ẹ dá ọ̀tún dúró fún 1.3 ms. Kí ẹ sì tọ́jú ìtò ohùn méjì: ọ̀kan fún òrùlé òkè, ọ̀kan fún òrùlé ìsàlẹ̀. Ariwo táyà àti afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ ló ń gbé, báàsì ló kọ́kọ́ máa ń bò. Èyí tó bá dùn nígbà tí òrùlé wà lókè á fúyẹ́ nígbà tó bá lọ.

Onígángan

Èmi rèé, Àìkú alẹ́. Sẹ̀ǹtímítà 72 ni ọ̀tún, 118 ni òsì, mo fi 1.3 ms sí i.

Lónìí mo gba M20 kan náà, òrùlé nílẹ̀, máìlì 60. Mo fi fújì àtijọ́ kan sí i, èyí tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré. Ní ìṣẹ́jú kẹta tàbí kẹrin, ìyáàlù dá dúró, ó ki ẹnì kan. Oríkì ni, mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ní àárín dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú mi. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbọ́ orin yẹn, mi ò mọ̀ pé oríkì wà níbẹ̀. Mo yà sí ibi ìsinmi, mo pa ẹ́ńjìnnì, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bàbá_Réwáyà (Ládípọ̀, Mushin)

Mo dúpẹ́. Ṣé o ti wo ibi tí omi ń gbà jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn?

Onígángan

Mo da ìgò omi méjì sí etí gíláàsì ní ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, Bàbá. Ó jáde nísàlẹ̀ láìdúró, inú kápẹ́ẹ̀tì gbẹ. Ti oṣù tó ń bọ̀ ni súbúúfà kékeré tí Àbẹ̀kẹ́ sọ. Mo ti gé páálí ní ìwọ̀n rẹ̀ tẹ́ sí ibi ẹsẹ̀ èrò, ìyàwó mi sì ti jókòó wò ó. Ó ní ẹsẹ̀ òun gbà.